Òdòdó Tí A Gé Kò Tíì Kú: Bí A Ṣe Lè Gbé E Dé Ring Road Láìrọ

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti iṣu, kì í ṣe ti àgbàdo, kì í sì í ṣe ti kòkó. Ọ̀rọ̀ òdòdó ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, “Ṣé òdòdó ni a ó jẹ ni?” A kò ní í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ṣeé jẹ. Ẹni tó bá gba Ring Road kọjá ní ọjọ́ Sátidé, láti Challenge títí dé iwájú pápá ìṣeré Liberty, tí wọ́n sọ ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 2010, yóò rí ọkọ̀ ìyàwó, yóò sì rí àwọn tó wọ aṣọ ẹbí. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lọ, òdòdó wà lórí tábìlì, òdòdó wà lọ́wọ́ ìyàwó. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni òdòdó oníke. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ pé kí ló dé tí wọn kò lo òdòdó gidi, wọn yóò sọ fún yín pé òdòdó àwọn àgbẹ̀ wa kì í pẹ́ rọ. Owó tó yẹ kó wọ àpò yín ni ọ̀rọ̀ yìí ń lé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ojú mi rí. Àgbẹ̀ kan láti apá Ìdó gbin túbẹ́róòsì, òdòdó funfun tó ń ta sánsán lálẹ́. Ó ṣe dáadáa lóko. Alọ́ṣọ̀ọ́ kan ní Ring Road sọ fún un pé òun fẹ́ ìdì 20 fún ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí àgbẹ̀ wa ti ro oko tán, tí oòrùn wà ní àtàrí, ó gé òdòdó rẹ̀. Ó kó o sínú àpò, ó gbé e sí búùtù ọkọ̀, ó sì gbé odindi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan tó ti ń pọ́n tì í, pé òun yóò tà á nígboro. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wọn dúró ní Dùgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé Ring Road, ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n kó òdòdó sínú korobá tí a kò fọ̀ láti ìjelòó, wọ́n bu omi sí i. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, gbogbo rẹ̀ ti dorí kodò. Alọ́ṣọ̀ọ́ kò san kọ́bọ̀. Àgbẹ̀ ní aráyé ló ṣe òun. Alọ́ṣọ̀ọ́ ní láti ọjọ́ náà lọ, oníke ni òun yóò máa lò.

Kì í ṣe aráyé. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n gbà pa òdòdó yẹn kí ó tó dé orí tábìlì: wọ́n gé e lọ́sàn-án gangan, wọn kò fún un lómi, wọ́n sé e mọ́ inú ooru, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tì í, wọ́n sì kó o sínú korobá ẹlẹ́gbin. A ó mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

ÒDÒDÓ TÍ A GÉ Ń MÍ, Ó SÌ Ń JẸUN

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé òdòdó tí a gé kò tíì kú. Ó ṣì ń mí, ó ṣì ń mu omi, ó ṣì ń jẹun. Ohun tí a gé kúrò lára rẹ̀ ni gbòǹgbò tó ń fa omi fún un, àti ọ̀pọ̀ ewé tó ń pèsè oúnjẹ fún un. Nítorí náà ó dà bí arìnrìn-àjò tó di oúnjẹ sínú àpò: èyí tó mú kúrò nílé ni yóò jẹ dé ibi tó ń lọ. Oúnjẹ yìí ni ṣúgà tó wà nínú ọ̀pá àti nínú òdòdó fúnra rẹ̀. Bí ooru bá mú un, yóò máa mí kíákíá, yóò sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán kíákíá. Bí ara rẹ̀ bá tutù, yóò máa fi sùúrù jẹ ẹ́.

Omi ńkọ́? Inú ọ̀pá òdòdó kún fún ihò tíntìntín tí omi ń gbà gòkè. Bí a bá gé ọ̀pá náà tí a jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú ihò náà, yóò sì dí ọ̀nà omi. Bí omi tí a fi í sí bá dọ̀tí, àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò máa pọ̀ sí i níbẹ̀, àwọn náà yóò dí i. Ìdí nìyí tí òdòdó fi lè dúró nínú omi kí òùngbẹ sì pa á.

Bí òdòdó ṣe ń là náà kì í ṣe idán. Ewé òdòdó tó ká mọ́ra ń fa omi sínú, ó ń wú, ó ń fẹ̀, bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ ló ń fa omi náà wọlé. Bí ṣúgà kò bá tó, tàbí bí omi kò bá ráyè gòkè, òdòdó tó ṣì di yóò wà ní dídi títí yóò fi rọ.

ÌGBÀ WO NI KÍ A GÉ E?

Ẹ lè pàdé alọ́ṣọ̀ọ́ tí yóò bi yín bóyá ẹ ní òdòdó kan tó ń jẹ́ píónì. Àwọn ìyàwó ń rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. Òdòdó ńlá ni, ó kún, ewé rẹ̀ ní ìpele lórí ìpele bí gèlè tí ọ̀gá wé. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń gbìn ín láti ìgbà láéláé. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà ń gbìn ín. Kì í ṣe òdòdó ilẹ̀ wa. Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kò lọ́ràá. Igi píónì gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù líle fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó lè tú òdòdó, òru Ìbàdàn kò sì tutù tó bẹ́ẹ̀, àní nígbà ọyẹ́ pàápàá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta gbòǹgbò rẹ̀ fún yín pé yóò tú òdòdó lóko yín níhìn-ín, owó yín ló fẹ́ gbà. Ẹ má rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà lára àwọn tó ń gbìn ín. Wọn kì í dúró kí ó là kí wọ́n tó gé e. Ní àárọ̀, wọn a fi ìka méjì tẹ orí rẹ̀ wò nígbà tó ṣì di. Bí ó bá le bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n, wọn a fi í sílẹ̀, nítorí pé bí a bá gé e báyìí, ó lè má là mọ́. Bí ó bá rọ̀ díẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n, tó sì ti ń fi àwọ̀ rẹ̀ hàn, àkókò tó nìyẹn. Èyí tí a gé bẹ́ẹ̀ ṣeé kó pamọ́ láìsí omi sínú yàrá tó tutù fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi dídì, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ọjọ́ ìnáwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a tún ẹnu ọ̀pá rẹ̀ gé, wọn a fi í sínú omi, yóò sì là bí ẹni pé òní ni wọ́n gé e.

Ẹ̀kọ́ náà ni pé òdòdó kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Èyí tí a lè gbìn níhìn-ín pín sí ọ̀nà méjì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má da ọ̀nà méjèèjì pọ̀.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni èyí tó ṣì ń là lẹ́yìn tí a bá gé e. Túbẹ́róòsì wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí là lọ sókè. Nígbà tí òdòdó méjì sí mẹ́rin bá ti là nísàlẹ̀, ẹ gé e. Bí ẹ bá dúró kí gbogbo rẹ̀ là, èyí tó kọ́kọ́ là yóò ti máa rọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Róòsì náà wà níbẹ̀. Ẹ gé e nígbà tí ewé tútù kéékèèké tó bo òdòdó náà bá ti yà sísàlẹ̀, tí ewé òdòdó kan tàbí méjì ní ìta sì ti ń ṣí. Róòsì tí a gé ṣáájú ìgbà yìí kì í là. Ọrùn rẹ̀ ni yóò tẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí kì í là mọ́ lẹ́yìn tí a bá gé e. Helikóníà wà níbẹ̀, tí igi rẹ̀ jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ pupa tàbí tó pọ́n bí ìyeyè, tó yọ ṣọnṣọ bí ẹnu ẹyẹ. Ata ilẹ̀ pupa tí a fi ń ṣọ̀ṣọ́ náà wà níbẹ̀, ìyẹn mọ̀lẹ́bí ata ilẹ̀ tí a ń jẹ. Bí ẹ bá ṣe gé àwọn wọ̀nyí ni wọn yóò ṣe wà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n là dé ibi tí oníbàárà fẹ́ kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Àwọn méjèèjì yìí fẹ́ràn ooru àti òjò wa, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òdòdó lè ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń GÉ E

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gé òdòdó, kí oòrùn tó ràn. Ní àkókò náà, omi kún inú ọ̀pá rẹ̀. Lọ́sàn-án, oòrùn ti fa omi ara rẹ̀ lọ, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ kí ẹ tó gé e rárá. Àṣìṣe kìn-ín-ní tí àgbẹ̀ Ìdó ṣe nìyẹn.

Ẹ lo ọ̀bẹ tó mú tàbí àlùmọ́gàjí tó mú. Ọ̀bẹ kíkú a máa tẹ ọ̀pá fọ́, ihò inú rẹ̀ a sì pa dé. Ẹ dá ẹnu rẹ̀ gé ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ó má baà jókòó pẹ̀tẹ̀ sí ìdí korobá kí omi má rí ọ̀nà wọlé. Ẹ gbé korobá omi lọ sí oko. Kì í ṣe ilé ni òdòdó yóò ti kọ́kọ́ rí omi. Ibi tí a ti gé e gan-an ni. Bí ẹ bá délé, ẹ ki ìdí ọ̀pá náà sínú omi, kí ẹ sì tún un gé níwọ̀n ìka méjì nínú omi náà, kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọ̀ ọ́.

Ẹ já gbogbo ewé tí yóò bọ́ sínú omi dànù, nítorí pé ewé tó bá rà ló ń sọ omi di ẹlẹ́gbin. Ní ti helikóníà àti ata ilẹ̀ pupa, ẹ ri gbogbo orí wọn bọ inú omi mímọ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbọn omi náà dànù. Omi òjò àti èèrà a máa fi inú òdòdó wọn ṣe ilé, kò sì sí ìyàwó tó fẹ́ kí èèrà máa rìn lórí tábìlì òun. Àwọn méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ fa omi láti ìdí, nítorí náà ẹ máa wọ́n omi sí wọn lára.

KOROBÁ ÀTI OMI

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí korobá kò bá mọ́, òdòdó kò ní í pẹ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ korobá, kí ẹ fi omi tí ẹ dà Jik díẹ̀ sí ṣan án. Korobá tí ẹ kò bá lè bu omi mu nínú rẹ̀, ẹ má fi òdòdó sí i.

Ẹ lè ṣe omi tí yóò mú kí túbẹ́róòsì àti róòsì là dáadáa. Nínú lítà omi 1, ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 2, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì 2, àti Jik ìdajì ṣíbí tíì kan. Ṣúgà jẹ́ oúnjẹ fún un, ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹ́ kí omi tètè gòkè nínú ọ̀pá, Jik sì ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ẹ má fi ṣúgà nìkan sí omi láìsí Jik, nítorí pé kòkòrò náà fẹ́ràn ṣúgà ju òdòdó lọ. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: inú omi púpọ̀ ni kí ẹ ti fi wọ́n síra. Ẹ má da Jik lásán mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ lásán nínú ife, nítorí pé èéfín tó máa ń ti ibẹ̀ jáde burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì fi ṣíbí náà sí ibi tí ọmọdé yóò ti mú un. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ da omi náà nù, ẹ ṣe tuntun, kí ẹ sì tún ẹnu ọ̀pá gé.

OORU ÀTI Ọ̀GẸ̀DẸ̀

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ̀ pé bí a bá fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tètè pọ́n, a ó kó o jọ, a ó sì bò ó. Kí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Èso tó ń pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ethylene. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń sọ fún àwọn èso yòókù pé àkókò tó láti pọ́n. Bí ó bá kan òdòdó, ohun tó ń sọ fún un ni pé àkókò tó láti gbó: òdòdó mìíràn yóò rọ, òmíràn yóò wọ́ dànù. Èéfín igi àti èéfín ọkọ̀ náà ní irú afẹ́fẹ́ yìí nínú. Nítorí náà, òdòdó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, òdòdó àti máńgòrò, òdòdó àti ìbẹ́pẹ, wọn kò gbọdọ̀ jọ wọ búùtù kan náà.

Ní ti ooru, ẹ wá ibi tí òjìji wà, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́. Ẹni tí kò ní iná mànàmáná lè ta àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sómi yí ibi tí òdòdó wà ká. Bí atẹ́gùn bá ń gbẹ omi náà kúrò lára àpò, yóò máa mú ibẹ̀ tutù, gẹ́gẹ́ bí omi inú àmù ṣe ń tutù. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní fìríìjì, róòsì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kó helikóníà àti ata ilẹ̀ pupa sí i. Ọmọ ilẹ̀ olóoru ni wọ́n. Bí òtútù bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 13 Celsius lọ, ara wọn yóò dúdú.

LÁTI OKO DÉ RING ROAD

Ní orílẹ̀-èdè Kenya, lẹ́bàá adágún Naivasha, àwọn àgbẹ̀ ń gé róòsì, wọ́n ń mú un tutù lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú sì ń gbé e lọ sí ilẹ̀ Netherlands láti tà. Bí òdòdó bá lè ti Kenya dé Yúróòpù láìrọ, kò yẹ kí tiwa rọ láàárín Ìdó àti Ring Road. Ẹ jẹ́ kí korobá wà ní ìdúró nínú ọkọ̀, kí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí àyè fún korobá, ẹ fi aṣọ tútù di ẹnu ọ̀pá, kí ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé ìdì náà. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò léwu. Èso rẹ̀ tó ń pọ́n ni ká sá fún. Ẹ tètè jí rìn kí ọkọ̀ tó kún ojú títì.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, iṣẹ́ yìí wúwo fún ẹnì kan ṣoṣo. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Alọ́ṣọ̀ọ́ tó fẹ́ ìdì 20 lọ́sẹ̀ yìí lè fẹ́ 60 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oko ẹnì kan kò lè tó o. Bí ẹ bá pa ọwọ́ pọ̀, ẹ lè jọ san owó ọkọ̀, ẹ lè jọ ra Jik àti korobá. Ẹ tún lè pín ìgbà gbígbìn. Túbẹ́róòsì ń lo bí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún nínú ilẹ̀ kí ó tó tú òdòdó. Bí gbogbo yín bá gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ kan náà, gbogbo yín ni yóò gbé e lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan náà, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Ẹ wo àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà. Òtútù ibẹ̀ pọ̀ débi pé píónì wọn kì í là títí di oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí ti àwọn yòókù ti tán. Ohun tó dà bí àléébù yìí ni wọ́n sọ di ọjà, nítorí pé àwọn ló ní in nígbà tí ẹlòmíràn kò ní. Ẹ̀yin náà, ẹ ka oṣù sẹ́yìn láti oṣù Kejìlá, tí ìgbéyàwó máa ń pọ̀, kí ẹ sì mọ ìgbà tí ẹ ó gbìn.

Ẹ ṣe òfin kan láàárín ara yín: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi òdòdó tó ti ń rọ sáàárín ìdì tó dára. Ìdì burúkú kan lè ba orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà.

Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ sí i, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso, ewébẹ̀ àti òdòdó, ìyẹn NIHORT, wà ní Ìdí-Iṣin níhìn-ín ní Ìbàdàn láti ọdún 1975. Ẹ lọ bá wọn.

Ẹ GÉ APÁ YÌÍ PAMỌ́

1. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gé òdòdó, pẹ̀lú ọ̀bẹ tó mú.
2. Túbẹ́róòsì àti róòsì: ẹ gé wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí. Helikóníà àti ata ilẹ̀ pupa: ẹ jẹ́ kí wọ́n là tó kí ẹ tó gé wọn.
3. Omi gbọ́dọ̀ wà lóko. Ẹ tún ẹnu ọ̀pá gé nínú omi.
4. Korobá mímọ́, omi mímọ́, kò sí ewé nínú omi.
5. Ẹ pa á mọ́ kúrò nínú oòrùn, èéfín àti èso tó ń pọ́n.

Àgbẹ̀ Ìdó tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú kò fi òdòdó sílẹ̀ o. Ó gbọ́ ìmọ̀ràn, ó sì padà lọ bẹ alọ́ṣọ̀ọ́ náà pé kí ó gba ìdì márùn-ún péré, láìsan owó, kí ó fi wò ó. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló gé e, korobá ló sì fi gbé e. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, alọ́ṣọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí i pé èyí tó wà lórí ọ̀pá ṣì ń là.